Òpó mẹ́rin ní ọ̀nà Ìlárá: àkọsílẹ̀ ilẹ̀ kan ní Kétu

Ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń ta aṣọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ná ọjà láàárín Kétu, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó ra ilẹ̀ kan ní etí ìlú, lójú ọ̀nà Ìlárá, lọ́wọ́ ẹbí kan tó ní ilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ nígbà náà, èyí tí a ń pè ní convention de vente, sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ mítà 20 ní iwájú àti mítà 25 lọ sẹ́yìn, 500 m² lápapọ̀. Ìwọ̀n yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Bí ẹ bá bi ọmọdé léèrè bí ilẹ̀ ìkọ́lé kan ṣe tó, ohun tí yóò sọ nìyẹn. Orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí wà nínú ìwé náà, ìka wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ méèrì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òpó kankan lórí ilẹ̀, kò sì sí àwòrán kankan nínú ìwé, àfi onígun mẹ́rin kékeré kan tí ẹnìkan fi bíìkì yà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Èmi ni mo máa ń ṣáájú àwọn tó ń lọ wọn ilẹ̀ ní ọ́fíìsì awọnlẹ̀ kan. Ọ̀gá wa ni géomètre-expert, awọnlẹ̀ tí òfin fún láṣẹ, òun ló ń fọwọ́ sí àwòrán tí a bá gbé dé. Mo ń kọ èyí fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa, àti fún ẹni tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnni, nítorí àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹlòmíràn nìkan. Tiwa wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe àwa ni ìyá aláṣọ kọ́kọ́ pè. Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń bá ènìyàn wá ilẹ̀ rà. Ó gba 25 000 fàráńkì lọ́wọ́ rẹ̀. Fónù ló mú dání. Ó dúró ní igun kọ̀ọ̀kan, ó wo fónù, ó ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n sì ri òpó sìmẹ́ńtì mẹ́rin mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ nọ́ńbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé kan, ó fi lé ìyá náà lọ́wọ́.

Ní ọwọ́ ọ̀tún ilẹ̀ yìí ni àgbàlá bàbá kan wà, ọmọ bàbá náà sì jẹ́ olùkọ́. Ẹ̀dà ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà inú rẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀ inú fónù tirẹ̀, ìlà náà sì la ilé ìdáná ìyá rẹ̀ kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dé ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ. Wọn kò bú ara wọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń kí ara wa ní Kétu yóò mọ bí ìyẹn ti wúwo tó.

Ìgbà yẹn ni wọ́n júwe ọ̀dọ̀ wa fún un. Nígbà tó tẹ́ ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin náà sórí tábìlì, ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni iye nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn kọ́mà. Mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí mo ń rí i lórí ìwé tó pọ̀, ó sì ń fa ìjà tó pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà ní dìgírì. Dìgírì kan níbí jẹ́ bíi kìlómítà 111 láti gúúsù sí àríwá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí a kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Bí ẹ bá pín in títí dé nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn kọ́mà, kí nọ́ńbà náà ti orí 3 bọ́ sí 4, mítà 11 lẹ ti rìn lórí ilẹ̀. Kò sí ibi ìdúró kankan láàárín 11 sí 22, tàbí láàárín 22 sí 33. Mítà 25 kò wá rí ibi jókòó sí: ó di 22 tàbí 33. Mítà 20 náà di 11 tàbí 22. Lórí ìwé ìyá aláṣọ, wọ́n bọ́ sí 33 àti 22. Ilẹ̀ 500 m² ti di bíi 730 m², láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò láti jí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà tí wọ́n gé kúrò ló wọ ilé ìdáná ìyá olùkọ́.

Ti òpó tó wà nílẹ̀ yàtọ̀. Fónù, kódà ní gbangba tí igi kò ti bo ojú ọ̀run, lè fi bíi mítà 5 ṣìnà. Lórí oko tó lọ títí, ènìyàn lè má mọ̀ ọ́n. Lórí ilẹ̀ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ mítà 20, ìdá mẹ́rin ilẹ̀ nìyẹn.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá náà, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní, "Ẹ wá bá mi fi ẹ̀rọ gidi wọ̀n ọ́n, kí ọ̀rọ̀ tán." Inú tèmi náà dùn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ọjọ́ ọjà la lọ, nítorí ọjọ́ náà ló rọ ìyá aláṣọ lọ́rùn: ó fẹ́ fi wá síbẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, kí ó tó lọ tẹ́ igbá ọjà rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì là ń lò. Ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ní ibi tí a ti mọ̀ dájú, èkejì wà lórí ọ̀pá tí a ń gbé kiri. Àwọn méjèèjì ń gba àmì lọ́wọ́ àwọn sátẹ́láìtì kan náà, èyí tó dúró sì ń tún ti èyí tó ń rìn ṣe, títí àṣìṣe yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta. Mítà la fi ń kọ nọ́ńbà wa, nínú UTM 31, apá kan nínú ètò tí a fi pín àwòrán ayé, tí gbogbo Benin wà nínú rẹ̀. A wọn òpó ọ̀dọ́mọkùnrin náà, wọ́n wọ́ gan-an. A hú wọn. Ní ọwọ́ òsì ilẹ̀ náà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń gbà lọ sí oko, kò ṣeé ṣí nípò. Láti etí ọ̀nà yìí ni mo ti ka mítà 20, nítorí ohun tí convention de vente sọ nìyẹn. Mo ka mítà 25 lọ sẹ́yìn. A ri òpó mẹ́rin tuntun. A fi tẹ́ẹ̀pù fa igun dé igun ní ìbú méjèèjì láti mọ̀ bóyá ó dọ́gba: mítà 32 àti sẹ̀ǹtímítà 2, ìbú kejì náà kò yàtọ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. A kó ẹrù wa, a lọ.

Kò sí ẹnikẹ́ni nílé bàbá náà. Ọjà ni gbogbo wọn lọ. A kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìyá aláṣọ pè mí. Wọ́n ti hú òpó méjì tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà ẹsẹ̀, bí ẹni tẹ́ òkú. Wọn kò fọ́ wọn. Mo ti rí òpó tí wọ́n fọ́ rí, mo sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fọ́ òpó ń jà. Ẹni tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fẹ́ kí a wá bá òun sọ̀rọ̀.

Ìyá aláṣọ fẹ́ pe àwọn ọlọ́pàá. Ó ní, "Ìwé mi wà, òǹtẹ̀ méèrì wà lórí rẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá?" Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní láti sọ òtítọ́ tí kò dùn fún un nípa ìwé náà. Lábẹ́ òfin 2013-01 tó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2013, tí wọ́n sì tún ṣe pẹ̀lú òfin 2017-15, titre foncier ni ìwé tó fi ènìyàn hàn bí onílẹ̀. Convention de vente lè ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn láti dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Òǹtẹ̀ méèrì jẹ́rìí pé ènìyàn méjì pàdé, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí títà. Kò jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni wọn ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ilé ẹjọ́ ní Pobè, ohun àkọ́kọ́ tí adájọ́ yóò béèrè ni ibi tí ìwé ìpàdé ààlà wà, èyí tí àwọn aládùúgbò fọwọ́ sí. A kò ní in. Èmi ni mo kùnà láti ṣe é. Procès-verbal de bornage ni wọ́n ń pè é, kò sì lè wà láìsí ẹni tó wà ní apá kejì ààlà.

Mo lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi nìkan. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ fún un pé a ti wọ ilẹ̀ láìkí onílé. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó dá ọjọ́. Ó ní kí ẹbí tó ta ilẹ̀ wá, kí bàbá náà àti ọmọ rẹ̀ wá, ó sì fi ẹnìkan kún un tí n kò ní ronú kàn láéláé: ìyá àgbà kan nínú ẹbí tó ta ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá olórí ẹbí lóbìnrin, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. "Òun ló dá oko níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé," ni olórí àdúgbò wí.

Ní Kétu, ààlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Yàrà àtijọ́ ṣì wà lẹ́bàá Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ibodè ìlú láyé àtijọ́, gbogbo wa sì mọ ohun tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń ka ilẹ̀ oko wọn láti ìgbà tí àwọn baba ńlá padà dé, lẹ́yìn tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ìlú ní 1886. Kò sí awọnlẹ̀ nígbà náà. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà, ẹni tó bá sì gbìn ín tàbí tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbìn ín ni ìwé.

Ọjọ́ pé. Ìyá àgbà náà dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ kan gbé àga tẹ̀lé e. Kò jókòó. Pèrègún kan ṣoṣo ló kù, ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó fi ọ̀pá kàn án, ó ní, "Èyí lẹ̀yin rí. Mẹ́ta ni." Ó rìn lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ibi tí òrùn wà, ó ń wo igi òrombó kan nínú àgbàlá bàbá, ó dúró, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Ẹ gbẹ́ ibí."

Ilẹ̀ lásán ni, koríko nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ. Ní bíi ìgbọ̀nwọ́ kan sísàlẹ̀, ọkọ́ kan nǹkan rírọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ kó erùpẹ̀ kúrò. Kùkùté kan tó ti jó, dúdú bí èédú lókè, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan lábẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè, pupa rúsúrúsú bí èèpo ọsàn tó pọ́n. Gbòǹgbò pèrègún nìyẹn. N kò mọ ohun mìíràn tó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ wa. Olùkọ́ náà tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó fi fónù yà á. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ojú rẹ̀ tú ká.

A gbé ọ̀pá ẹ̀rọ lé orí kùkùté náà, a gbé e lé orí pèrègún tó wà lẹ́bàá títì. A wọn ìlà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ dé etí ọ̀nà ẹsẹ̀. Mítà 18 àti sẹ̀ǹtímítà 40 ni. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, mo tún fi tẹ́ẹ̀pù wọ̀n ọ́n. Mítà 18 àti 40. Òpó tí mo rì tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ wa kò fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ṣìnà nínú rẹ̀, wọ inú ilẹ̀ bàbá náà ní mítà kan àti 60.

Ìyá aláṣọ kò bínú sí ẹni tó ta ilẹ̀ fún un. Èmi ló kọjú sí. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo sanwó fún ọ. Èmi. O wá gba ilẹ̀ mi fún wọn lójú mi." Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, kò sì rọrùn rí. Mo sọ fún un pé, "Ìyá, owó tí ẹ san, ẹ san án kí n lè sọ bí ilẹ̀ ṣe tó fún yín. Bí mo bá kọ 20 sí ibi tí 18 wà, èmi yóò gba owó mi lọ sílé, ẹ̀yin lẹ óò kọ́ ògiri, ẹ̀yin ni wọn óò sì wó ògiri lé lórí." Kò dá mi lóhùn. N kò dá a lẹ́bi. Ọdún mẹ́ta ló fi kó owó ilẹ̀ yẹn jọ.

Olùkọ́ ló béèrè ìbéèrè tó yẹ kí èmi ti béèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó yíjú sí olórí ẹbí tó ta ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ ta á, kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Bàbá náà ní, "Ẹsẹ̀ mi ni. Ìṣísẹ̀ ńlá kan, mítà kan. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe kọ́ mi."

Kò fi nǹkan kan pamọ́. Olórí àdúgbò ní kí ó rìn ín kí gbogbo wa rí i. Ó dúró sí etí ọ̀nà ẹsẹ̀, ó gbé agbádá rẹ̀ sókè díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń kà á jáde, gbogbo ènìyàn sì ń kà á tẹ̀lé e. Nígbà tó pé ogún, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí a gbẹ́, ó ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan kó kan gbòǹgbò pupa náà. Ìṣísẹ̀ kan rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 92. Ogún rẹ̀ ni mítà 18 àti 40. Ibi tó tà gan-an ló tà: láti ọ̀nà dé pèrègún. Kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kò sì fọwọ́ kan ilẹ̀ bàbá náà. Ẹni tó kọ ìwé ló kọ "mítà" sí ibi tí bàbá ti sọ "ìṣísẹ̀".

Mo ṣírò ìyókù lójú ẹsẹ̀. Bí 20 bá jẹ́ 18,40, a jẹ́ pé 25 tó kà lọ sẹ́yìn jẹ́ mítà 23. Ilẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ wọ̀n jẹ́ bíi 423 m², kì í ṣe 500. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́, nítorí mo ti pinnu pé n kò ní sọ nǹkan kan sí etí ẹnìkan mọ́ lórí ilẹ̀ yìí.

Ohun tó tẹ̀lé e kò pẹ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti ẹbí tó tà á, ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀. Ìyá àgbà náà ló sọ̀rọ̀, ó ti jókòó nígbà yẹn. Ó ní owó 500 ni wọ́n gbà, kí wọ́n fún obìnrin náà ní 500. Olórí ẹbí gbà. Ní mítà 18 àti 40 ní iwájú, ó ní láti lọ sẹ́yìn dé mítà 27 àti 18 kó tó pé. A wọ̀n ọ́n, a fa igun dé igun ní ìbú méjèèjì: mítà 32 àti sẹ̀ǹtímítà 82, ìbú kejì kò yàtọ̀ ju fífẹ̀ èékánná lọ. Ìyá aláṣọ fúnra rẹ̀ di etí tẹ́ẹ̀pù mú ní igun ẹ̀yìn. Kí a tó gbé òpó kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, a da èédú àti àfọ́kù ìgò sí ìsàlẹ̀ ihò, bí àwọn awọnlẹ̀ àtijọ́ ti máa ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá hú òpó lọ́jọ́ iwájú, èédú kì í jẹrà, igun náà yóò ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá aládùúgbò tẹ ìka sí ìwé, ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí i, olórí ẹbí, olórí àdúgbò àti ìyá aláṣọ fọwọ́ sí i. Mo ní kí ìyá àgbà náà tẹ ìka pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó béèrè fún un. Ọ̀gá mi fọwọ́ sí àwòrán. Wọ́n kọ ìwé àfikún tó tún ìwọ̀n convention de vente ṣe, wọ́n gbé e lọ sí méèrì, ìwé titre foncier sì ti wà lọ́nà ọ̀dọ̀ ANDF, àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀.

Àdúgbò náà kò tíì ní lotissement, ètò tí wọ́n fi ń la ọ̀nà, tí wọ́n sì fi ń tún ilẹ̀ àdúgbò pín. Ó dá mi lójú pé yóò dé, ìlú ń fẹ̀ sí apá ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé, wọn óò kọ́kọ́ wọn ohun tí onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, wọn óò yọ ìpín ọ̀nà àti ti ilé ìwé kúrò, kí wọ́n tó tún ilẹ̀ pín. Ohun tó bá wà nílẹ̀ gan-an ni wọ́n máa wọ̀n. Ká ní ìyá aláṣọ dúró títí di ọjọ́ náà pẹ̀lú 423 lábẹ́ ẹsẹ̀ àti 500 nínú ìwé, n kò mọ ẹni tí yóò tún rìn ìṣísẹ̀ ogún fún un.

Nínú iṣẹ́ wa, ohun díẹ̀ yí padà lẹ́yìn èyí. A kì í lọ wọn ilẹ̀ lọ́jọ́ ọjà mọ́, bó ti wù kí oníbàárà kánjú tó. Ìrìn àkọ́kọ́, a kì í gbé ẹ̀rọ dání: oníbàárà ló ń mú wa lọ kí àwọn tó yí i ká, a ó sì bi wọ́n léèrè ẹni tó dàgbà jù tó ti dá oko níbẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Bí ẹnìkan nínú wọn bá wà ní Èkó tàbí ní Kútọnu, a ń dúró dè é tàbí kí ó rán aṣojú. Kí oníbàárà tó san kọ́bọ̀, mo ń sọ fún un pé ìwọ̀n tí a óò bá lè dín sí ti ìwé rẹ̀, mo sì ń ní kó sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun gbọ́. Méjì ti kó ìwé wọn padà sílé nítorí ìyẹn. Àwòrán tí a bá fún ènìyàn ní nọ́ńbà rẹ̀ ní mítà, títí dé sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ní tẹ́ẹ̀pù lásán lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀gá mi sì gbà kí a fi ìlà kan kún ìwé tí oníbàárà ń kọ nígbà tó bá kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì: "Ta ló wọn ilẹ̀ yìí nígbà tí ẹ rà á, kí ló sì fi wọ̀n ọ́n?" Mo ti mú ìwé ìyá aláṣọ jáde nínú fáìlì, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ìdáhùn rẹ̀ síbẹ̀: olórí ẹbí, ìṣísẹ̀ 20 sí 25.